Ife Omi Kan ní Abà Sàlàkọ́

Bí ẹ bá ń wá ìtàn tí ọkọ àti ìyàwó ti ń fi kéèkì bọ ara wọn lẹ́nu níparí, ẹ tètè pa ìwé yìí dé, kí ẹ wá òmíràn. Ti Bọ́látitó ọmọ Dúrójaiyé àti Ṣàkírù ọmọ Alàájì Ádámù kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ o, ìfẹ́ tó tó ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí a sọ tí a kò sọ, ọ̀rọ̀ tí a bá sì gbé mì kì í kú síkùn.

Ọdún 1989 ni wọ́n ti àwọn yunifásítì pa nítorí rògbòdìyàn tí ọ̀wọ́n gógó ọjà dá sílẹ̀. Bọ́látitó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, di ẹrù padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Télọ̀ ni bàbá náà, ó sì jẹ́ díákónì nínú ìjọ. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n gba ọmọ yìí fún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dókítà ló ń jẹ, òun ló ń mu. Wọ́n ti sọ fún un pé kí ó tó lè kọjá sọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó gbọ́dọ̀ gba máàkì tó gbámúṣé, ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn aláìsàn, ó sì gbọ́dọ̀ ní àgbà kan tí yóò gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Máàkì, ó ní in. Ìyókù ni kò mọ ibi tí yóò ti rí i.

Ó kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù kan ní Èjìgbò. Dókítà ibẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Díákónì Dúrójaiyé ni mí, sà, láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. N ò ní gba owó. Kí n ṣáà máa wo bí ẹ ṣe ń ṣe é."

"Ọsibítù kì í ṣe ibi ìwòran," dókítà ní, ó sì yíjú sí ẹlòmíràn.

Àǹtí Leah, àbúrò ìyá rẹ̀, ló gbà á sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Leah ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan nínú ìlú, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bọ́látitó ń se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná, ó ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, ó ń di àwọn tó ń rọbí lọ́wọ́ mú. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ bì nítorí òórùn, Leah rẹ́rìn-ín débi pé ó wá ìjókòó.

"Bì í dáadáa," ó ní. "O rò pé inú aṣọ funfun ni iṣẹ́ dókítà ti ń bẹ̀rẹ̀? Ìdí ọmọ tuntun ló ti ń bẹ̀rẹ̀."

Leah náà ló mú ìròyìn ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá. Ọkùnrin náà ti yunifásítì kan wá, ó ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó gbédè tó sì mọ̀wé láti bá a ṣe ìwádìí lórí sòbìà. Láyé ìgbà yẹn, kò sí abà tí èèyàn lè dé ní àgbègbè wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò ní bá àwọn tó ń fi ìdí wọ́ nílẹ̀ nítorí aràn tó ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí yàrá kan, ó bu omi adágún, ó ní kí oníkálukú fi awò òun tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Bọ́látitó rí àwọn kòkòrò tíntìntín tí wọ́n ń ta kiri nínú omi tí ojú lásán rí bí omi tó mọ́.

"Ẹni tó bá mu àwọn wọ̀nyí," ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "kò ní mọ nǹkan kan. Bí ọdún bá yípo, aràn tó gùn ju apá yín lọ yóò máa gba ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Bó bá ti mu ún, kò sí oògùn tó lè dá a padà mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá fi aṣọ yìí sẹ́ omi náà kó tó mu ún, ó ti bọ́."

Ó na aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sókè. Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé bí iṣẹ́ yóò ṣe lọ. Wọn óò pín àwọn abà sí apá méjì. Wọn óò fún apá kan ní aṣọ, wọn óò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Apá kejì, wọn kò ní sọ nǹkan kan fún wọn. Wọn óò kàn máa ka àwọn tí sòbìà ń dà láàmú níbẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn méjì yóò fi kọjá, kí ayé lè rí ìyàtọ̀.

Bọ́látitó nawọ́. "Àwọn apá kejì ńkọ́, sà?"

"Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kejì, àwọn náà yóò gba tiwọn. Ẹni tó bá la ẹnu níbẹ̀ kí àkókò tó tó ti ba iṣẹ́ gbogbo wa jẹ́, èmi àtẹni náà sì ti parí." Ojú rẹ̀ wá rọ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe é dáadáa, èmi fúnra mi ni n óò mú un lọ síwájú àwọn oníṣègùn."

Apá kejì ni wọ́n pín Bọ́látitó sí. Ó rí orúkọ àwọn abà rẹ̀, ó rí Abà Sàlàkọ́ lókè ìlú Ara, ibi tó jìnnà jù, tí wọ́n fi sí ìparí. Orúkọ náà kò jẹ́ nǹkan kan fún un nígbà yẹn.

Ṣàkírù ni wọ́n háyà láti máa fi alùpùpù gbé e kiri. Abidjan ni wọ́n ti tọ́ ọmọkùnrin yìí dàgbà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ṣòwò kó tó padà wá kọ́lé sí Èjìgbò. Ó ga, ó pupa, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Bọ́látitó kọ̀ láti dì í mú. Irin ẹ̀yìn ìjókòó ló fọwọ́ mú, nígbà tí wọ́n sì dé inú ẹrẹ̀ lẹ́yìn Ara, ó ṣubú yàkàtà.

"Madam Dókítà," Ṣàkírù ní, ó ń bá a nu ẹrẹ̀ kúrò lára báàgì, "ẹni tí kò bá dì mí mú, ilẹ̀ ni yóò dì í mú."

"Ẹ máa wo iwájú yín, Bùọ̀dá. Iṣẹ́ ni mo bá wá."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n di ẹ̀yìn mi mú, kí Pròfẹ́sọ̀ má baà kà ọ́ mọ́ àwọn aláìsàn."

Ó dì í mú. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé tí ẹrẹ̀ tán lójú ọ̀nà, ó ṣì ń dì í mú.

Ohun tó kọ́kọ́ mú ọkàn rẹ̀ kì í ṣe ẹwà ọmọkùnrin náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ìyá arúgbó kan tí aràn ti yọ ní orúnkún rẹ̀, tí kò lè dé inú ilé láti ibi tó jókòó sí nínú oòrùn. Bọ́látitó bi í ní orúkọ àti ọjọ́ orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣàkírù pa máṣíìnì rẹ̀, ó gbé ìyá náà bí ẹni gbé ọmọ, ó gbé e wọlé, ó sì bu omi fún un láti inú àmù. Bọ́látitó rí omi náà. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Gbogbo kíkà yìí," Ṣàkírù bi í nígbà tí wọ́n ń padà, "kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Kí ìjọba lè mọ̀."

"Tí ìjọba bá mọ̀, wọ́n á gbẹ́ kànga fún wọn?"

"Bóyá."

"Iṣẹ́ rere lò ń ṣe nígbà náà," ó ní, ó sì gbà á gbọ́. Ìyẹn dun Bọ́látitó ju kí ó bú u lọ.

Abẹ́ igi obì kan, níbi tí òjò ìkẹyìn ọdún ti ká wọn mọ́, ni Ṣàkírù ti sọ tinú rẹ̀. "Bọ́látitó, bàbá mi fẹ́ kí n fẹ́ Nímọ́tà, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Abidjan. N ò fẹ́ Nímọ́tà. Ìwọ ni mo fẹ́."

"Onígbàgbọ́ ni mí, Ṣàkírù." Ó ti fi "Bùọ̀dá" sílẹ̀ tipẹ́.

"Mo mọ̀. Ṣé mi ò gbọ́ orin tí ò ń kọ lẹ́yìn mi lójoojúmọ́? Ohùn rẹ kò dára rárá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ máa gbọ́ ọ títí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó sì gbà. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí kò pẹ́.

Díákónì Dúrójaiyé kò gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń rán nígbà tó gbọ́. "Mo rán ọ lọ wá iṣẹ́ dókítà, o wá ọkọ Ìmàle bọ̀."

"Bàbá, èèyàn dáadáa ni."

"Ta ló ní èèyàn burúkú ni? Àwọn ọmọ rẹ, ta ni yóò kọ́ wọn ní àdúrà? Bí ìyá rẹ bá wà láyé, kí ni wàá wí fún un?"

Àǹtí Leah ló di alárinà. Ó bẹ Díákónì títí ó fi ní òun yóò rò ó, ó sì mú ọ̀nà ilé Alàájì Ádámù pọ̀n.

"Alàájì, ẹyẹ yín ti bà lé òrùlé wa."

"Ẹyẹ wa ti ní òrùlé ní Abidjan, Nọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ mi ti fún un ní Nímọ́tà."

"Ẹ jọ̀ọ́, Alàájì, ìyàwó kì í ṣe bọ́ńdù aṣọ tí wọ́n ń dì ránṣẹ́ láti Abidjan."

Alàájì kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. "Ó dáa. Ẹ lọ bá ìyá rẹ̀. Bí Mùínàt bá gbà á, èmi náà gbà á."

Alàájì mọ ohun tó ń ṣe. Láti ìgbà tí Alàájì ti fẹ́ ìyàwó mìíràn ní Abidjan ni Mùínàt, ìyá Ṣàkírù, ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí abà bàbá rẹ̀, ibi tó ti ń dín gààrí. Obìnrin náà le, kò sì fẹ́ràn àwọn oníwèé.

"Abà wo ni?" Bọ́látitó bi Ṣàkírù nígbà tó gbọ́.

"Abà Sàlàkọ́, lókè Ara."

Bọ́látitó dá orúkọ náà mọ̀: òun ló wà níparí nínú àwọn abà tí wọ́n pín fún un, kò tíì débẹ̀. Ṣàkírù kò mọ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àwọn akọ̀wé kan wá síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìyá mi fún wọn lómi, wọ́n ní àwọn gbé omi tiwọn wá nínú ìgò. Títí dòní ló ń fi wọ́n ré. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Bó bá fún ọ lómi, gbà á."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bọ́látitó fi ń bá ara rẹ̀ jà. Bí ó bá sọ fún Ṣàkírù, Ṣàkírù kò ní lè pa á mọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì ní pa á mọ́ fún abà. Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò gbọ́. Ta ni yóò tún gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ó tún rò ó pé òun lè yọ́ aṣọ kan mú fún ìyá náà ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ka aṣọ. Ó gbàdúrà pé kí ìyá náà má fún òun lómi.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni wọ́n lọ. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo ewéko, eruku sì bo ojú Bọ́látitó nígbà tó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ṣàkírù wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó ṣí àmù, ó bu omi sínú ife tánganran olódòdó kan tó gbé bọ̀ láti Abidjan, ó sì gbé e fún un.

"Òǹgbẹ á ti máa gbẹ ọ́, ọmọ. Mu ún."

Bọ́látitó wo inú ife náà. Omi náà mọ́. Ojú lásán kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo tí ọ̀jọ̀gbọ́n fún un láti máa fi sẹ́ omi tirẹ̀ wà nínú báàgì rẹ̀, kò sì lè yọ ọ́. Ṣàkírù ń wò ó, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ó ní. "Ẹ má bínú. Mo ń gbààwẹ̀ ni."

"Ààwẹ̀?"

"Ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, Màmá. Nínú ìjọ wa."

Ojú ìyá náà là. Ó pàtẹ́wọ́. "Ọmọ onígbàgbọ́ ló ń gbààwẹ̀ nínú ọyẹ́ báyìí! Ṣàkírù, ìwọ tí wọ́n ń lé kiri kí o tó gba Ràmàdáánì, ṣé o gbọ́?" Ó na ọwọ́ gba ife náà, ó wá dúró. "Ṣùgbọ́n nílé bàbá mi, omi tí a bá bù fún ìyàwó kì í padà sínú àmù, a kì í sì í dà á nù."

"Ẹ mú un wá," Ṣàkírù ní. "Èmi ni mo ni ìyàwó, èmi ni mo ni omi rẹ̀."

Ó ti gbé e dé ẹnu. Bọ́látitó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó sì dá a padà sílẹ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀ báyìí, ó di òpùrọ́ lójú ìyá yìí, ó di ẹni tó ń wo abà bí ó ṣe ń ṣàìsàn, ó sì pàdánù iṣẹ́ dókítà. Bí ó bá dákẹ́, bóyá kò sí nǹkan kan nínú omi náà. Gbogbo ife kọ́ ló ní kòkòrò. Nígbà tó fi rò ó dé ibẹ̀, Ṣàkírù ti mu ún kan ìsàlẹ̀, ó sì ń nu ẹnu.

"Mẹ̀sí, ẹ ṣeun, Màmá. Omi yìí dùn ju ti Abidjan lọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bọ́látitó náà rẹ́rìn-ín.

"Mo gbà á," Ìyá Ṣàkírù ní. "Sọ fún bàbá rẹ pé mo gbà á. Ẹni tó lè fi ara rẹ̀ sábẹ́ òǹgbẹ nítorí Ọlọ́run, kò ní ṣe wá níkà."

Bí wọ́n ti ń padà, Bọ́látitó gbé ojú lé ẹ̀yìn Ṣàkírù, ó ń sunkún. Ṣàkírù rò pé eruku ni.

Wọ́n ṣí yunifásítì padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ó bá a sọ̀rọ̀, nígbà tí sáà tuntun sì bẹ̀rẹ̀, Bọ́látitó wọ àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, bàbá rẹ̀ dúpẹ́ nínú ìjọ. Ọkàn rẹ̀ ti rọ̀ sí Ṣàkírù náà, nítorí ọmọkùnrin yẹn kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìwá kí i, a máa bá a gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ tún ṣe, a sì máa jókòó lẹ́yìn ilé nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àdúrà. "Bó ṣe jókòó yẹn," Díákónì sọ fún Leah, "ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wa kò lè jókòó bẹ́ẹ̀."

Nígbàkúùgbà tí Bọ́látitó bá wálé, ẹsẹ̀ Ṣàkírù ló kọ́kọ́ máa ń wò.

"Ẹsẹ̀ mi lo fẹ́ràn jù mí lọ," Ṣàkírù á ní.

"Ká ṣòkòtò rẹ sókè, jẹ́ n rí i."

"Ó ti di dókítà! Ó ku díẹ̀ kó ní kí n yọ ahọ́n."

Kò sí nǹkan kan lẹ́sẹ̀ náà. Òru kan kò sì kọjá kí Bọ́látitó má pinnu pé òun yóò sọ fún un. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á ní kí ni sísọ fẹ́ ṣe, nígbà tí kò sí oògùn? Ó kàn máa ba ọkàn rẹ̀ jẹ́ lásán. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, tí ó bá ti di ìyàwó nílé, ó máa sọ fún un. Ìfẹ́ ló pè é, ẹ̀rù ni. Bí Ṣàkírù bá mọ̀, kò ní fi í pa mọ́ nígbà tí aràn bá yọ. Ohun tí Bọ́látitó kò jẹ́ kí ara rẹ̀ rò nìyẹn.

Wọ́n dá ọjọ́ ìdána sí ìparí ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀lé e. Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ náà pé nígbà tí Àǹtí Leah fúnra rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ní yunifásítì, gèlè rẹ̀ wọ́.

"Gbé báàgì rẹ. Ṣàkírù ni."

Inú ọkọ̀ ló ti sọ ọ́ fún un. "Sòbìà ni. Ọrùn ẹsẹ̀ ló ti yọ. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí àwọn àna òun máa wo òun níbi tí òun ti ń tiro, ó ní báwo lòun ṣe máa dọ̀bálẹ̀? Ó fa aràn náà, ó já sínú. Ó fi eérú dí ojú egbò, ó wọ ṣòkòtò gígùn lé e, ó ń rẹ́rìn-ín kiri. Ìgbà tí ẹnu rẹ̀ há ni wọ́n tó mọ̀."

"Tẹ́tánọ́ọ̀sì," Bọ́látitó ní. "Wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́?"

"Abẹ́rẹ́ náà kò sí lọ́sibítù. Alàájì ti ní kí wọ́n wá a lọ sí Òṣogbo."

Ọsibítù Èjìgbò tó ti lé Bọ́látitó nígbà kan ni wọ́n gbé e sí. Dókítà yẹn náà ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò sì rántí rẹ̀.

"Kí ni ìwọ jẹ́ sí i?"

"Ìyàwó rẹ̀ ni mí."

Dókítà yà fún un.

Wọ́n ti fi aṣọ bo fèrèsé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń mú kí gìrì gbé e. Ìyá Ṣàkírù jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣàkírù ta gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, eyín rẹ̀ pa pọ̀, ó dà bíi pé ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ nìkan ló yí sí Bọ́látitó. Ó mọ̀ ọ́n.

Bọ́látitó kúnlẹ̀ tì í. Ọ̀rọ̀ tó ti gbé mì fún odindi ọdún kan, kò lè gbé e mì mọ́.

"Ṣàkírù, omi ìyá rẹ ni. Omi tí o gbà mu lọ́wọ́ mi. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo abà tí a ń lọ ni mo mọ̀ nípa omi wọn. Wọ́n ní kí n má sọ."

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó gba àárín eyín rẹ̀ jáde. "O ò... gbààwẹ̀?"

"N ò gbààwẹ̀."

Tẹ̀súbáà dákẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Ṣàkírù tẹjú mọ́ Bọ́látitó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bọ́látitó ń dúró de èébú tàbí ìdáríjì, èyí tó bá ṣáà wá.

"Ìyá mi," Ṣàkírù ní. "Ó ń mu ún... lójoojúmọ́."

Gìrì gbé e kí ó tó sọ òmíràn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n rí ní Òṣogbo dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti sin ín nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe, lẹ́yìn ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Bọ́látitó dúró lókèèrè pẹ̀lú Àǹtí Leah. Alàájì Ádámù wá kí wọn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá Ṣàkírù kò wá.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn kejì ti kọjá. Inú ọ̀jọ̀gbọ́n dùn púpọ̀, nítorí ìyàtọ̀ àárín apá méjèèjì hàn gbangba. Ṣàkírù kò sí nínú iye tí wọ́n kà. Ará ìgboro ni, kò sí lábẹ́ abà kankan. Ó wá tó àkókò láti pín aṣọ fún apá kejì, Bọ́látitó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sí Abà Sàlàkọ́.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" Leah bi í. "Obìnrin yẹn lè lù ọ́."

"Kí ó lù mí."

Kò lù ú. Gbogbo abà péjọ sábẹ́ igi, Bọ́látitó sì fi hàn wọ́n: ẹ so aṣọ mọ́ ẹnu àmù báyìí, ẹ má jẹ́ kó dẹ̀, ẹ da omi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ má yí ẹ̀yìn aṣọ padà. Àwọn ènìyàn ń dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún un, àwọn kan ń pè é ní dókítà. Ìyá Ṣàkírù dúró lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó ti rù gan-an. Nígbà tí ó yá, ó wọlé, ó gbé àmù rẹ̀ jáde àti garawa omi, ó gbé wọn síwájú Bọ́látitó.

"Bá mi so ó."

Bọ́látitó so aṣọ mọ́ ẹnu àmù náà. Ìyá náà fúnra rẹ̀ da omi náà, díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó tú aṣọ náà, ó wo ìdọ̀tí tó kù lójú rẹ̀.

"Ṣé kò jù báyìí lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, Màmá."

"Aṣọ yìí wà nígbà náà?"

"Ó wà, Màmá. Ó wà nínú báàgì mi."

Ìyá Ṣàkírù mi orí. Ó padà wọlé, ó mú ife tánganran olódòdó jáde, ó bu omi náà kún un, ó gbé e fún Bọ́látitó níwájú gbogbo abà.

"Ọmọ tó ń gbààwẹ̀," ó ní, "ṣé o ti ṣínu?"

Bọ́látitó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, ó sì mu ún. Ìyá náà dúró tì í títí ó fi mu ún kan ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba ife rẹ̀, ó gbé àmù rẹ̀, ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.